Bí A Ṣe Ń Gbin Agbáyun Sẹ́yìnkùlé Nílùú Abẹ́òkúta

Ohun méjì ló sábà máa ń já ẹni tó fẹ́ gbin agbáyun, èso pupa kékeré tó ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu, sílé kulẹ̀. Èkíní ni kóró tí a ti jẹ́ kó gbẹ kí ó tó dé inú ilẹ̀. Èkejì ni ilẹ̀ tí eérú, ẹfun tàbí sìmẹ́ńtì ti wọ̀. Ẹni tó bá yẹra fún méjèèjì, tó sì ní sùúrù ọdún 3 sí 4, yóò ká agbáyun nínú ọgbà ara rẹ̀, kódà bí àyè tó ní kò bá ju ẹ̀gbẹ́ ògiri kan lọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kóró àti ilẹ̀ ju ohun yòókù lọ.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ń béèrè bí a ṣe lè gbin cranberry sí Abẹ́òkúta lóhùn. Èso pupa kékeré tó ń kan ni cranberry, apá àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, inú irà tútù ló sì ti ń hù níbẹ̀. Igi rẹ̀, tó máa ń fà nílẹ̀, gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù ìgbà yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́dọọdún kí ó tó lè tanná kí ó sì so. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kí ó mú tó, kò lè ṣe iṣẹ́ òtútù yẹn, nítorí náà ẹni tó bá ná owó lórí ọmọ igi cranberry láti gbìn ín síta ní Abẹ́òkúta fi owó náà ṣòfò. Agbáyun ni mo máa ń tọ́ka sí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èso pupa kékeré ni òun náà, ilẹ̀ tó kan ni òun náà fẹ́, ó sì lè gbé inú ìkòkò pẹ́ títí. Ṣùgbọ́n inú igbó ilẹ̀ wa ni wọ́n ti bí i, ooru kò sì jẹ́ nǹkan kan fún un.

Synsepalum dulcificum ni àwọn onímọ̀ ń pe agbáyun, inú ìdílé kan náà ni òun, àgbálùmọ̀ àti igi òrí wà. Igi kékeré tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán ni. Nínú igbó ó lè ga kọjá mítà 4, ṣùgbọ́n nínú ìkòkò kì í sábà ju èjìká ènìyàn lọ. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré. Èso rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kóró kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀, tí ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò. Ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni iṣẹ́ wà. Bí a bá fi ahọ́n pa á káàkiri ẹnu, tí a wá jẹ ohun tó kan lẹ́yìn rẹ̀, adùn ni ẹnu wa yóò mọ̀. Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n a máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ̀kọ tó ti kan tàbí kí wọ́n tó mu ẹmu tó ti kọjá àkókò rẹ̀. Ní ọdún 1725, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Chevalier des Marchais ti rí àwọn ènìyàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún 1968 kí Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler tó yọ purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Miraculin ni orúkọ tó ń jẹ́. Purotéènì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, yóò wà níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan títí ohun kíkan yóò fi kàn án, nígbà náà ni yóò wá ta ibẹ̀ jí.

Kóró tútù

Kóró agbáyun kò dà bíi ti àgbàdo tàbí ti ẹ̀wà, tí a lè tọ́jú sínú àgé di ọdún tó ń bọ̀. Omi inú rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí a bá ti yọ ọ́ kúrò nínú èso, tí a sì fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni agbára àti hù rẹ̀ yóò ti lọ. Kóró gbígbẹ tí wọ́n bá kó fún yín lọ́jà, bó ti wù kí ó dán tó, kò ní hù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú yóò sọjí.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùgbìn ni pé kí ó tọ́jú ilẹ̀ àti ọ̀rá ìgbìn sílẹ̀ ná kí ó tó lọ wá èso. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ti wà nílẹ̀, ẹ lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́wé nínú ọjà, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá agbáyun tútù lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù wá fún wọn láti oko; tàbí kí ẹ bi àwọn àgbẹ̀ ìhà Odẹ́dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, nítorí pé àwọn ló mọ ẹ̀bá igbó tó kù sí. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má ṣe sá a sóòrùn. Èso tó pọ́n dòdò, tó sì rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ni kí ẹ gbà. Èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé lára kò tíì gbó, kóró rẹ̀ lè má pé.

Ẹ jẹ èso náà bí ẹ bá fẹ́, èyí kò pa kóró lára, ṣùgbọ́n ẹ má fi eyín fọ́ kóró, nítorí ó korò, àti pé kóró tó ti sán kò ní hù. Ẹ wá fọ gbogbo ara tó kù mọ́ kóró náà nù pẹ̀lú omi tó mọ́, títí tí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ara yẹn ló máa ń fa èèrà àti ohun funfun tó ń mú nǹkan bu nínú ilẹ̀ wá bá kóró tí a kò fọ̀ dáadáa. Bí ìrìn àjò bá wà láàárín ibi tí ẹ ti rí èso àti ilé, inú èso náà gan-an ni ibi tó dára jù fún kóró láti gbé. Bí ẹ bá sì ti jẹ ẹ́, ẹ wé kóró sínú aṣọ tó tutù kí ẹ sì gbé e sí ibòji.

Gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ gbìn lọ́jọ́ kan náà, tàbí lọ́jọ́ kejì bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ wá ọ̀rá dúdú kékeré tí wọ́n ń gbin ọmọ kòkó sí, kí ẹ rí i pé ó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ bu ilẹ̀ tí mo máa ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́ sí i, kí ẹ tẹ́ kóró kan sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹ sì fi ilẹ̀ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 bò ó. Kóró tí a rì jìn máa ń jẹrà kí ó tó rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ tò wọ́n sábẹ́ igi tàbí sábẹ́ àtíbàbà tí oòrùn ti ń yọ́ wọlé. Ẹ máa wọ́n omi sí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ilẹ̀ máa tutù láì jẹ́ ẹrẹ̀. Àwọn mìíràn yóò yọrí láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, àwọn mìíràn yóò sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má máa hú ilẹ̀ wò láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Gbòǹgbò àkọ́kọ́ rẹ̀ ẹlẹgẹ́ ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti pa á. Ó yẹ kí ẹ dúró tó oṣù 2 kí ẹ tó sọ pé kóró kan ti kú.

Lẹ́yìn tó bá hù tán, ìdàgbàsókè rẹ̀ máa ń falẹ̀ débi pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó lè má ga ju ìka ọwọ́ méjì tí a tò léra lọ. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ lé e kí ó lè yára, ńṣe ló ń jó gbòǹgbò rẹ̀.

Ilẹ̀ tó kan

A máa ń sọ pé ògì kan. Ilẹ̀ náà máa ń kan lọ́nà tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíkan yìí ni wọ́n ń pè ní pH. Láti 0 dé 14 ni wọ́n ń kà á. 7 ni àárín, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni ilẹ̀ náà ṣe ń kan sí i. Ìwọ̀n tí agbáyun fẹ́ wà láàárín 4.5 sí 5.8. Bí ilẹ̀ bá ti kọjá 6.5, irin tó wà nínú rẹ̀ yóò di ohun tí gbòǹgbò agbáyun kò lè mu mọ́, ewé tuntun yóò máa pọ́n bí ìyeyè, iṣan ewé nìkan ni yóò ṣẹ́kù ní àwọ̀ ewé, igi náà yóò sì dúró sójú kan títí tí yóò fi kú.

Orí àpáta líle, irú èyí tó yọrí síta ní Olúmọ, ni Abẹ́òkúta tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ tó ti ara irú àpáta bẹ́ẹ̀ wá sábà máa ń ní yanrìn, kì í sì í ní ẹfun púpọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìlú wa ṣe é tún ṣe fún agbáyun láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ yí padà bí ẹ bá forí lé gúúsù lọ sí ìhà Ewékorò. Òkúta ẹfun ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n ń wà láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ orí rẹ̀ sì lè ní ẹfun ju ohun tí agbáyun lè fara dà lọ. Ẹni tó ń gbé apá ibẹ̀ ni kí ó gbìn ín sínú ìkòkò, kí ó má sì bá ilẹ̀ jà.

Síbẹ̀, nínú ìlú fúnra rẹ̀, ọwọ́ wa la fi ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ẹ̀bá ògiri ilé tuntun: àjẹkù sìmẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ ti pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, bí òjò bá sì ti ń rọ̀ sí i ni ẹfun inú rẹ̀ ń wọ ilẹ̀. Ẹ wo eérú ìdáná tí àwọn ìyá wa kọ́ wa láti máa dà sídìí ewébẹ̀. Ó dára fún ilá àti fún tẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ló jẹ́ fún agbáyun, nítorí pé eérú ló máa ń pa kíkan ilẹ̀. Ilẹ̀dú orí ààtàn, tí ẹnikẹ́ni yóò rò pé òun ló dára jù nítorí pé ó dúdú, kún fún eérú àti ìkarahun ìgbín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbin adìyẹ tó ń yé ẹyin náà kò yẹ, nítorí ẹfun tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè le máa ń bá ìgbẹ́ wọn jáde.

Ọ̀nà kan wà láti fi mọ̀ bóyá ẹfun ti pọ̀ jù nínú ilẹ̀ yín láìná kọ́bọ̀. Ẹ bu ilẹ̀ gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àwo, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá hó, tó ń yọ èéhó wẹ́wẹ́, ẹfun wà níbẹ̀, ẹ má sì gbin agbáyun sí i. Bí kò bá hó, ìyẹn kò tíì sọ pé ó kan tó. Ó sọ fún yín pé kò bàjẹ́ pátápátá ni. Fún ìwọ̀n tó dájú, bébà tí wọ́n fi ń wo pH wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò yàrá ìwádìí, ẹ sì lè béèrè ní Yunifásítì Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbátà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, bóyá wọ́n lè bá yín yẹ ilẹ̀ wò.

Àdàlú ilẹ̀ tí mo fara mọ́ jù nìyí: ewé jíjẹrà tí a gbá lábẹ́ àwọn igi ńlá, ìwọ̀n méjì; yanrìn odò, ìwọ̀n kan; èèpo ẹ̀yìn àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ tí a sì fi omi fọ̀ dáadáa kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè lọ, ìwọ̀n kan. Ẹni tí kò bá rí èèpo àgbọn lè lo ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àmọ́ èyí tí òjò ti pa fún ọdún kan ó kéré tán, tó ti dúdú, ni kí ó wá. Ìyẹ̀fun tuntun máa ń gba oúnjẹ mọ́ igi lẹ́nu nígbà tó bá ń jẹrà lọ́wọ́. Ewé tí ẹ bá fẹ́ gbá, kí ó jẹ́ ibi tí wọn kì í ti í dáná sun ìdọ̀tí.

Bí ẹ bá yẹ àdàlú yìí wò tí pH rẹ̀ ṣì ju 6 lọ, imí-ọjọ́ ni oògùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná ni kí ẹ rà lọ́dọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́jà, kí ẹ sì fi ṣíbí tíì kan péré pò mọ́ ilẹ̀ tó kún garawa lítà 20. Àwọn ẹ̀dá aláìṣeéfojúrí inú ilẹ̀ ni yóò máa sọ imí-ọjọ́ náà di kíkan díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ oṣù méjì mẹ́ta sì ni. Nítorí náà ẹ pò ó sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa tutù, kí ẹ tó gbin ohunkóhun sí i. Àwọn kan a máa fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà wọ́n ìdí igi dípò rẹ̀. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí kíkan rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ilẹ̀, ó sì lè jó gbòǹgbò kéékèèké.

Omi náà wà lára ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Omi òjò ló dára jù, nítorí ó kan díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbe garawa tàbí àgbá onírọ́bà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ láti oṣù kẹrin, kí ẹ sì dé e nítorí ẹ̀fọn. Omi tó ti pẹ́ nínú táǹkì tí a fi sìmẹ́ńtì mọ máa ń fa ẹfun jáde lára ògiri táǹkì náà. Bí òun nìkan ni ẹ ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí òjò ọdún tó tẹ̀lé e fọ ilẹ̀ náà dáadáa.

Ìkòkò tàbí ilẹ̀ gbalasa

Fún ará ìlú, ìkòkò ni mo yàn láàyò fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé olúwa rẹ̀ ló mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ ìkòkò, ó sì lè gbé igi náà sá fún oòrùn tàbí ewúrẹ́. Láti inú ọ̀rá kékeré, nígbà tí ọmọ igi bá ti ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ṣí i lọ sínú ike ọ̀dà lítà 4 tí ẹ ti lu ihò sí nísàlẹ̀. Nígbà tí gbòǹgbò bá ti ń yọjú lẹ́nu ihò, ẹ ṣí i lọ sínú èyí tó tó lítà 20. Ìkòkò amọ̀ dára púpọ̀. Ìkòkò òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe kò dára rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni àpò sìmẹ́ńtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ di ìkòkò ìgbìn. Àpò ìrẹsì ni kí ẹ lò. Nígbà ṣíṣí, gbogbo ìdí igi pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ gbé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má ṣe gbọn ilẹ̀ náà dànù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín sílẹ̀ gbalasa, kí ó ṣe é nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkeje, kí gbòǹgbò lè rìn kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ gbẹ́ ihò tí fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ tó ìdajì mítà, ẹ fi àdàlú ilẹ̀ dí i, kí igi kan sì jìnnà sí èkejì tó mítà 2. Kí ó jìnnà sí ògiri tó mítà kan ààbọ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí omi kì í ti í dúró. Ẹ rántí pé abẹ́ igi ńlá ló máa ń gbé nínú igbó: oòrùn àárọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán gangan máa ń jó ewé rẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré, nítorí náà ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji fún un ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ igi àgbọn tàbí igi ọsàn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ wọlé, jẹ́ ibùgbé tó bá a mu. Ẹ wá fi ewé gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 bo ìdí rẹ̀, láìjẹ́ kí ewé náà kan ara igi.

Láti ara ẹ̀ka

Ẹni tó bá ní igi agbáyun àgbà nítòsí, tàbí tí aládùúgbò rẹ̀ ní in, lè gbìyànjú àti mú ọmọ jáde láti ara ẹ̀ka. Èrè rẹ̀ ni pé ọmọ náà yóò dà bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì lè tètè so ju èyí tí a fi kóró gbìn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀ka agbáyun kì í tètè ta gbòǹgbò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń kú. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì le bí igi ìdáná, kí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ fi abẹ tó mú gé e, ẹ yọ ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ gé ewé òkè sí ìdajì kí omi ara rẹ̀ má baà tètè gbẹ. Ẹ rì í sínú yanrìn tí a pò mọ́ èèpo àgbọn, kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara dé e, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní kàn án. Bí ẹ bá rí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń mú gbòǹgbò yọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko, ẹ fi ẹnu ibi tí a gé kàn án kí ẹ tó rì í. Yóò gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní tèmi, dídi ẹ̀ka nígbà tó ṣì wà lára igi sàn ju gígé e lọ, nítorí pé ìyá rẹ̀ ṣì ń bọ́ ọ. Ẹ yan ẹ̀ka tó nípọn tó pẹ́ńsù ìkọ̀wé, ẹ bó èèpo rẹ̀ yípo ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ohun yíyọ̀ tó wà lábẹ́ èèpo náà kúrò pátápátá, nítorí bí ó bá ṣẹ́kù, ọgbẹ́ náà yóò jinná láìta gbòǹgbò. Ẹ di èèpo àgbọn tútù mọ́ ibẹ̀, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e, kí ẹ sì so òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má lè jáde. Àárín òjò ni kí ẹ ṣe é. Nígbà tí ẹ bá rí gbòǹgbò tó kún ara ọ̀rá náà, tí èyí sì lè pẹ́ ní oṣù bíi mélòó kan, ẹ gé ẹ̀ka náà nísàlẹ̀ ìdì, kí ẹ gbìn ín sínú ike, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibòji títí yóò fi yọ ewé tuntun.

Ìtọ́jú

Kí ilẹ̀ rẹ̀ máa tutù nígbà gbogbo, kí omi má sì dúró sí i. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ dé oríkèé ìka àkọ́kọ́, ẹ wọ́n omi. Nígbà ọyẹ́ ni ewu pọ̀ jù, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń mú kí etí ewé jó; ẹ kó àwọn ìkòkò jọ sójú kan níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa fẹ́ gba àárín wọn kọjá, kí ẹ sì máa fi omi wọ́n ewé wọn láàárọ̀. Ajílẹ̀ díẹ̀ ló ń fẹ́: ìdajì ṣíbí tíì ajílẹ̀ NPK fún igi inú ìkòkò lítà 20, lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò òjò, kí ó jìnnà sí ara igi. Bí ẹ bá rí ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ammonium sulphate, òun sàn jù, nítorí ó máa ń ran kíkan ilẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n rẹ̀ má ju ti èkíní lọ.

Kòkòrò funfun tó dà bí òwú, tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé, ni ọ̀tá rẹ̀ tí ẹ ó máa rí jù. Èèrà ló ń sìn wọ́n kiri, nítorí náà bí ẹ bá rí èèrà tó ń tò lọ tò bọ̀ lára igi, ẹ yí ewé padà wò. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi ọṣẹ fífúyẹ́ nù wọ́n kúrò, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ewé tó pọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, ẹ ti mọ ohun tó fà á: ẹ padà lọ yẹ ilẹ̀ àti omi wò.

Èso

Láàárín ọdún kẹta sí ìkẹrin, òdòdó funfun yóò yọ níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Ẹ má gé ẹ̀ka nígbà yìí. Bí èso bá ti ń pọ́n, ẹ fi àwọ̀n bo igi náà, nítorí ẹyẹ yóò rí i ṣáájú yín. Ẹ ká a nígbà tó bá pọ́n dòdò, tó sì já lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò lè ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ níta kí ó tó bàjẹ́. Inú fíríìsà ló ti lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ́ kí agbára rẹ̀ lọ, àmọ́ kóró inú èyí tó ti dì bí yìnyín kò ní hù mọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ya iye kóró tí ẹ fẹ́ gbìn sọ́tọ̀. Ẹ má sè é, ẹ má sì fi sínú ohun mímu gbígbóná, nítorí iná máa ń ba miraculin jẹ́ pátápátá.

Èso kan ṣoṣo tó fún ènìyàn kan. Ẹ pa á káàkiri ahọ́n fún bíi ìṣẹ́jú kan, ẹ tu kóró rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá mu omi ìṣápá tí a kò fi ṣúgà sí, tàbí kí ẹ jẹ ìyeyè. Adùn náà yóò wà lẹ́nu yín fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó sì máa ń tó wákàtí méjì fún ẹlòmíràn. Fún ẹni tó fẹ́ dín ṣúgà kù, ìrànlọ́wọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní àìsàn náà kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Kí a tún ṣọ́ra fún ọmọdé àti fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú: ẹnu nìkan ni agbáyun ń yí padà, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a mu bí ẹni mu oyin ṣì kan bó ṣe kan tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá dé inú ikùn, ó sì tún lè jẹ ara eyín, nítorí náà ìwọ̀n tí à bá mu ká ní a kò jẹ agbáyun ni kí a mu lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì fi omi tútù ṣan ẹnu.